Kí Ọmọ Iṣẹ́ Mọ Fáìlì Kí Ó Tó Mọ Okùn Ẹ́ńjìnì

Ìtàn àwọn àgbà sọ pé ara òkúta ni orúkọ Ìlọrin, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kwara, ti wá. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Òjó Ìsẹ̀kúsẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó, ní òkúta kan tí ó ń lọ irin rẹ̀ sí; ẹni tí irin tirẹ̀ bá sì kújú a máa gbé e tọ̀ ọ́ lọ. Ìlọ irin ni ó di Ìlọrin, wọ́n sì ń fi òkúta náà han àlejò títí di òní.

Èyí mú kí ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí ní ìtìjú díẹ̀ nínú. Ní ilẹ̀ Èkìtì ti Kwara àti ní Oke-Ero, láti Osi títí dé Iloffa, ayùn ẹlẹ́ńjìnì ti gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lọ́wọ́ àáké. Òun ni wọ́n fi ń ṣí oko tuntun tí igi rẹ̀ tóbi. Òun ni wọ́n fi ń gé kájù tí ó ti gbó. Òun ni wọ́n fi ń la páákó fún òrùlé ilé àti òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Òun náà sì ni gbogbo ìlú ń wá kiri nígbà tí ìjì àkọ́rọ̀ òjò bá wó igi dí ọ̀nà. Síbẹ̀, kò ṣọ̀wọ́n láti rí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mọ bí a ti ń fa okùn kí ẹ́ńjìnì ó dún, ṣùgbọ́n tí kò mọ bí a ti ń pọ́n eyín tí ẹ́ńjìnì náà ń yí. Ohun tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ̀ ni wọ́n fi sí ìkẹyìn, bí wọ́n bá tilẹ̀ kọ́ ọ rárá. Ẹ̀bi náà kì í sì í ṣe tirẹ̀ nìkan.

Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì, kí ó lọ dúró létí oko níbi tí wọ́n gbé ń gé ayín, kí ó má wo ẹ́ńjìnì, kí ó wo ilẹ̀. Bí ṣéènì bá mú, ohun tí ń tú jáde lára igi náà yóò rí wóróworó bí ìrẹsì. Bí ó bá kújú, lẹ́búlẹ́bú bíi èlùbọ́ ni yóò máa fẹ́, igi yóò sì máa rú èéfín bí ẹni pé iná wà nínú rẹ̀. Nígbà náà ni a ó rí agégi náà tí ó fi gbogbo ara tẹ ayùn mọ́ igi, tí ó ń fi agbára ṣe ohun tí eyín ìbá ti ṣe fúnra rẹ̀. Pẹtiróòlù ń jó, irin ń gbóná, ọwọ́ ń gbọ̀n. Àwọn oníṣègùn sì ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pé ìgbọ̀nrìrì irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, bí ó bá ń bá ọwọ́ jà lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀, a máa ba ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìka jẹ́, títí ìka yóò fi máa kú tipiri, tí yóò sì máa funfun ní àárọ̀ ọyẹ́. Kò sí oògùn tí ó dá irú ìka bẹ́ẹ̀ padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ pátápátá.

Nígbà tí ó bá sú u, yóò tú ṣéènì náà, yóò gun ọ̀kadà lọ sí ọ̀dọ̀ wẹ́dà ní ẹ̀bá ọ̀nà. Wẹ́dà yóò gbé òkúta tí iná ń yí lé e, pààrà ni iná yóò máa tàn, láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti parí. Ṣéènì náà ń dán, inú oníṣẹ́ sì dùn. Ṣùgbọ́n òkúta náà ti jẹ ìdá púpọ̀ nínú eyín lọ, bẹ́ẹ̀ ni ooru rẹ̀ ti yí ojú irin padà di àwọ̀ aró. Irin tí ó bá ti di aró báyìí, agbára rẹ̀ ti lọ. Alágbẹ̀dẹ èyíkéyìí lè jẹ́rìí sí i. Kò ní pẹ́ tí yóò tún fi kújú. Lẹ́yìn ìrìn àjò mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ẹ̀bá ọ̀nà, ṣéènì tuntun ti di ohun àgbésọnù, bẹ́ẹ̀ ni fáìlì ìbá pọ́n ọ̀kan náà nígbà púpọ̀ kí eyín rẹ̀ tó tán.

Ó dára kí ènìyàn mọ irú ohun tí eyín yìí jẹ́, nítorí ẹni tí ó bá rò pé bí eyín ayùn ọlọ́wọ́ ni ó rí, kò ní lè pọ́n ọn. Ní Jámánì ni Andreas Stihl ti ṣe ayùn onísẹ́ẹ̀nì tí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ń yí ní 1926, ó sì ṣe èyí tí ń lo pẹtiróòlù ní 1929. Ṣùgbọ́n eyín àwọn ayùn àtijọ́ wọ̀nyẹn dà bí èékánná tí ń họ igi, pípọ́n wọn sì ń gba àkókò. Ní 1946, agégi kan ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, Joseph Cox ni orúkọ rẹ̀, jókòó ti kùkùté kan, ó ń wo ìdin ńlá tí ń jẹ igi. Ó rí i pé ìdin náà kì í họ igi: ẹnu rẹ̀ ń gé e sí ọ̀tún, ó sì ń gé e sí òsì, ó ń lọ tààrà nínú igi bí ẹni ń rìn lójú ọ̀nà. Cox lọ ṣe ṣéènì tí eyín rẹ̀ tẹ̀ bí ẹnu ìdin náà, ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní 1947. Irú ṣéènì yẹn ni ó wà lórí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ayùn ẹlẹ́ńjìnì títí di òní. Ìdin tí àgbẹ̀ ń bú nítorí pé ó ba igi rẹ̀ jẹ́ ni ó kọ́ aráyé ní iṣẹ́ yìí.

Nítorí náà eyín kọ̀ọ̀kan dà bí ìfági kékeré ju ayùn lọ. Ó ní ojú lókè, ó ní ojú ní ẹ̀gbẹ́, igun tí ojú méjèèjì ti pàdé ni ó sì ń ṣe iṣẹ́ jù lọ. Bí igun yẹn bá yí, eyín náà ti kú, bí ìyókù rẹ̀ tilẹ̀ ń dán. Níwájú eyín ni kókó kékeré kan wà tí ó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i. Kókó yìí ni ń sọ bí eyín yóò ti bu igi jìn tó. Ní ọ̀pọ̀ ṣéènì, ìyàtọ̀ gíga láàrin méjèèjì jẹ́ nǹkan bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún mílímítà kan. Lórí ìwọ̀n kékeré yìí ni gbogbo iṣẹ́ dúró lé. Nígbà tí ayùn bá ń sáré, ó lè jẹ́ 500 eyín tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò gba ojú igi kan náà kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan.

Pípọ́n rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé, bí ó tilẹ̀ ń gba sùúrù láti mọ̀ ọ́n ṣe. Kí ẹ́ńjìnì kú pátápátá kí ó sì tutù. Kí wọ́n fi ayùn náà la ojú tóóró sí orí kùkùté kí ó tó kú, kí wọ́n wá ki irin pẹlẹbẹ rẹ̀ bọ inú ojú náà kí ó dúró ṣinṣin; ẹni tí ayùn rẹ̀ ń mì lórí itan kò lè pọ́n ohun rere. Kí ṣéènì fà dáradára, kí ọwọ́ sì wọ ìbọ̀wọ́. Fáìlì róbótó ni a ń lò, kì í ṣe fáìlì pẹlẹbẹ tí a fi ń pọ́n àdá, ìwọ̀n rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ṣéènì mu: mílímítà 4 fún àwọn ayùn kéékèèké, 4.8 fún ṣéènì tí wọ́n ń pè ní .325, àti 5.2 tàbí 5.5 fún ti 3/8. Ẹni tí ó ra fáìlì tí ó tóbi jù tàbí tí ó kéré jù nítorí pé òun ni ó wà lórí àtẹ, ó ti ba iṣẹ́ jẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Kí ó fi ẹfun sàmì sí eyín tí ó kọ́kọ́ mú, kí ó má baà pọ́n ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì kí ó sì fo òmíràn. Kí ó gbé fáìlì lélẹ̀ kí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ yọ lókè eyín, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ sí ìwọ̀n 30, èyí tí ìlà tín-ín-rín kan lẹ́yìn ọ̀pọ̀ eyín ń tọ́ka. Láti inú sí òde ni kí ó máa tì í. Nígbà tí ó bá ń fà á padà, kí ó gbé e kúrò lára irin, nítorí fáìlì kì í jẹ irin ní àfàpadà, ara rẹ̀ ni ó ń bàjẹ́. Ìtì mẹ́ta tí ó dọ́gba sàn ju mẹ́wàá tí ó wọ́. Iye tí ó bá ti ọ̀kan ni kí ó ti gbogbo wọn. Nígbà tí ó bá parí ti ọ̀tún, kí ó yí padà sí ti òsì. Ṣéènì tí ó ní eyín 36, méjìdínlógún ni yóò wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta, 108 ìtì náà ni gbogbo rẹ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn kò sì ní lò ju àkókò tí a fi ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán lọ.

Eyín tí ó kúrú jù lọ ni ọba àwọn ìyókù: òun ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ bá. Bí ti ọ̀tún bá gùn ju ti òsì lọ, ayùn yóò máa yà sí apá kan nínú igi, páákó yóò sì wọ́ bí ọ̀nà ejò. Àwọn kan a sì máa bú ẹ́ńjìnì nítorí rẹ̀. Láti mọ̀ bí iṣẹ́ ti parí, kí ó gbé eyín sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ojú irin tí ó kújú a máa tan ìmọ́lẹ̀ funfun tín-ín-rín padà. Ojú tí ó mú kò ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè jókòó sí.

Àwọn tí ń la gẹdú sí páákó ní òfin díẹ̀ tí ó yàtọ̀, nítorí wọ́n ń tẹ̀lé gígùn igi dípò kí wọ́n gé e dábùú. Wọ́n a máa dín ìtẹ̀sí 30 yẹn kù sí nǹkan bí 10, kí ojú páákó lè jọ̀lọ̀. Ohun tí ń jáde lára igi tiwọn a sì máa kúnná díẹ̀ bí ṣéènì tilẹ̀ mú, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn dá wọn lẹ́bi.

Ó ku kókó iwájú eyín, níbẹ̀ ni ewu sì wà. Bí eyín ti ń kúrú nípa fáìlì ni gíga rẹ̀ ń dínkù, nítorí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ sí ẹ̀yìn; títí kókó yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba. Nígbà náà eyín mú ṣùgbọ́n kò rí igi bù jẹ. Nítorí náà, lẹ́yìn ìpọ́n mẹ́ta sí márùn-ún, ó yẹ kí a fi irin ìwọ̀n lé e lórí, kí a fi fáìlì pẹlẹbẹ gé èyí tí ó yọ, kí a sì yí iwájú rẹ̀ kí ó má ṣe mú ṣóńṣó. Ọ̀pọ̀ kò ní irin ìwọ̀n yìí. Ojú ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, nígbà tí wọ́n bá sì rí i pé ayùn túbọ̀ ń jẹ igi bí wọ́n ti ń gé kókó, wọ́n a máa gé e lọ. Ayùn bẹ́ẹ̀ a máa há mọ́ igi, a máa ta ẹni tí ó mú un nù. Bí apá òkè imú irin pẹlẹbẹ náà bá sì kan igi, gbogbo ayùn lè fò padà sí ojú àti ọrùn agégi kí ó tó ṣẹ́jú. Kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá ju ìyẹn lọ. Ẹni tí ó gé kókó jù nítorí kí iṣẹ́ lè yá, ikú ni ó ń pọ́n.

Ní ti ìgbà tí ó yẹ kí a pọ́n, ìdáhùn tí ó dára jù ni: kí ó tó di dandan. Fífi imú ayùn kan yanrìn tàbí òkúta pupa ilẹ̀ wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó láti pa gbogbo eyín. Ìrókò tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Igi náà a máa kó òkúta funfun, irú èyí tí ó dà bí ẹfun líle, jọ sínú ara rẹ̀, a kì í sì í rí i láti òde. Ayùn tí ó mú bí abẹ ní àárọ̀ lè pàdé rẹ̀ kí ó kú lẹ́sẹ̀kan náà. Agégi tí fáìlì wà ní àpò rẹ̀ yóò jókòó, yóò pọ́n ayùn rẹ̀, yóò sì padà sí ẹnu iṣẹ́. Agégi tí kò ní in yóò wá ọ̀kadà.

Nínú Ìwé Samuẹli Kìíní, orí 13, a kà nípa ìgbà tí kò sí alágbẹ̀dẹ ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, tí olúkúlùkù fi ní láti sọ̀ kalẹ̀ tọ àwọn Filísítínì lọ láti pọ́n irin oko rẹ̀, tí wọ́n sì ń san owó fún un. Nígbà tí ogun dé, kò sí idà lọ́wọ́ wọn. Wẹ́dà ẹ̀bá ọ̀nà kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí mímú irin rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kò tíì ní iṣẹ́ lọ́wọ́.

Kò sì yẹ kí èyí ṣẹlẹ̀ ní Osi ju ibikíbi lọ. Osi yìí náà ni ìlú Arẹogun, ọ̀gá agbẹ́gilére tí àwọn ilẹ̀kùn àti ère rẹ̀ wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri ayé. Nígbà tí Fadá Kevin Carroll dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947, ọmọ Arẹogun tí í ṣe Bándélé wà lára àwọn agbẹ́gi tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ Bándélé yìí ni Lamidi Fákẹ́yẹ ti Ìlá-Ọ̀ràngún, tí òkìkí rẹ̀ kàn kó tó kú ní 2009, ti kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Àwọn agbẹ́gi wọ̀nyí pín iṣẹ́ sí mẹ́rin: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán, àti fínfín. Kí ènìyàn ro ìkẹta wò. Dídán kì í ṣe iṣẹ́ agbára. Ojú irin tí ó mú ni ó ń mú igi dán, bí irin bá sì kújú, ìgbà náà gan-an ni ère yóò tú àṣírí oníṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ tí ó fi ọdún mẹ́ta wo èyí kò nílò kí ẹnikẹ́ni wàásù fún un nípa pípọ́n irin.

Ní òní, ọmọ iṣẹ́ agégi lè lo ọdún kan pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀ láìfi ọwọ́ kan fáìlì. Yóò ru epo, yóò fa igi, yóò fa okùn. Bí ó bá ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi ní pípọ́n rẹ̀," wọ́n a ní kò tíì yá. Àwọn ọ̀gá kan ń fi í pamọ́ nítorí pé wọ́n bẹ̀rù kí ọmọ náà má baà tètè kúrò lọ́dọ̀ wọn. Àwọn mìíràn, kí a sọ òtítọ́, kò mọ̀ ọ́n. Ìmọ̀ràn tí ó wà níhìn-ín ni pé kí ètò náà yí padà: kí ó jẹ́ pé ọmọ iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ jókòó ti ṣéènì àlòkù fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, títí ọ̀gá yóò fi lè fi ṣéènì tí ó pọ́n gé ìtì igi kan kí ó má sì yà sí apá kankan, kí ó tó di pé wọ́n fún un ní okùn láti fà. Òbí tí ń san owó ìkọ́ṣẹ́ ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè èyí kí ó tó bu ọwọ́ lu ìwé.

Àwọn kan yóò ní ṣéènì tuntun kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n ṣírò iye fáìlì tí owó ṣéènì kan lè rà, kí wọ́n fi pẹtiróòlù tí ó ṣòfò kún un, kí wọ́n wá sọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn, tí ọ̀rọ̀ tiwọn wúwo jù, yóò ní igbó ń tán, kí ni ìwúlò kíkọ́ agégi láti túbọ̀ yára? Òótọ́ ni igbó ń tán; ìtìjú sì ni fún ẹni tí ó gé ìrókò tí kò sì gbin nǹkan kan sí ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ayùn tí ó kújú kò dá igi kan sí rí. Igi tí yóò wó náà ni yóò wó, páákó tí ó wọ́ yóò di igi ìdáná, wọn yóò sì tún padà sínú igbó lọ gé òmíràn dípò rẹ̀.

Nítorí náà, àgbẹ̀ tàbí ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ṣọ́ọ̀ṣì tí ó fẹ́ gba agégi, kí ó má béèrè orúkọ ẹ́ńjìnì rẹ̀ ní àkọ́kọ́. Kí ó ní kí ó fi fáìlì rẹ̀ hàn. Bí ó bá fa méjì yọ, róbótó àti pẹlẹbẹ, tí a fi aṣọ wé, tí a sì fi èèkù igi bọ̀, kí wọ́n jókòó sọ̀rọ̀ owó. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo tí ó ti dípẹtà ni ó yọ láti abẹ́ ìjókòó ọ̀kadà, kí wọ́n béèrè ọjọ́ tí ó lò ó kẹ́yìn kí wọ́n tó mú un lọ sí ìdí igi.